Ìwé Pupa Tí Mo Gé Létí

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ló wá bá mi nílé ní Awkunanaw pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi sínú ìwé ìròyìn ìjọ, kí àwọn ọmọ tó ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ kọ èyí tó máa wú wọn lórí o." Mo ní kò burú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti bébà, ohun tó ń wú ni lórí kò wá. Èyí tí ojú ń tì mí láti sọ ló ń wá. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ nígbà tí ẹnu mi ṣì ń gbé ọ̀rọ̀.

Ìwé ni mo tà jẹun. Kì í ṣe ìwé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe Bíbélì àti ìwé orin. Ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, pàápàá ti fíṣíìsì àti ìṣirò, tuntun àti àlòkù. Ohun tó lé ní ogójì ọdún ni mo fi ṣe é nílùú Enugu yìí. Ẹ má bi mí léèrè owó tí mo ń gbà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò tó ohun tí à ń fẹnu sọ. Mo fi iṣẹ́ náà tọ́mọ, mo fi kọ́lé kékeré kan, ọ̀rọ̀ owó tán nìyẹn.

Asata, àdúgbò kan níhìn-ín ní Enugu, ni wọ́n bí mi sí. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi, Òṣogbo ni wọ́n ti gbé e wá. Nígbà tí mo jáde iléèwé girama, ó fẹ́ kí èmi náà wọ rélùwéè, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ ibi tí ariwo pọ̀ sí. Ló bá mú mi lọ bá Ọ̀gá Nwafọ, tí ṣọ́ọ̀bù ìwé rẹ̀ kò jìnnà sí àgbàlá tí à ń gbé. Ọmọ Ìgbò ni Ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn rí, ó sì gbọ́ Yorùbá. Yorùbá rẹ̀ a máa kọsẹ̀, ṣùgbọ́n ìbáwí rẹ̀ kì í kọsẹ̀ rárá.

Odidi ọdún kan, n kò ta ìwé kankan. Ekuru ni mo ń nù. Tí mo bá jẹ ọ̀kpà, oúnjẹ elépo tí wọ́n ń tà ní Enugu, láàárọ̀ kí n tó dé ibi iṣẹ́, Ọ̀gá yóò ní kí n na ọwọ́, yóò gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ mi, yóò sì ní kí n padà lọ fọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fọ̀ ọ́. Ó ní ẹni tí epo wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tí ẹlòmíràn máa fi ojú kà. Lọ́jọ́ tí mo ṣèèṣì ti ìwé kan ṣubú láti orí pẹpẹ, ó gbá mi létí, ó tún bẹ ìwé náà pé kó má bínú. Mo rò pé orí ọkùnrin náà kò pé. Mo sọ fún bàbá mi pé n kò ṣe mọ́. Bàbá mi ní ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ mi ni n kò fẹ́ ni, àbí bí wọ́n ṣe ń kọ́ mi? Ni mo bá padà síbi iṣẹ́.

Nígbà tí ọdún yípo, Ọ̀gá gbé ìwé àlòkù méjì síwájú mi. Ó pa àwọn méjèèjì dé.

Ó ní, "Má ṣí wọn. Èwo ló dáa?"

Mo ní, "Ọ̀gá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ láìṣí i?"

"Wo etí."

Mo wo etí, ìyẹn ibi tí ewé ìwé ti ń ṣí. Ìdọ̀tí wà létí àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìwọ̀n ẹ̀yìn ọ̀bẹ, gbogbo ìyókù sì funfun báláú. Ìkejì dọ̀tí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá ní ìka kì í purọ́. Ibi tí òǹkàwé bá ti rẹ̀, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ìka rẹ̀ ń dúró. Bí ìwé mẹ́wàá tí èèyàn mẹ́wàá lò bá dọ̀tí dé ibì kan náà, tí gbogbo wọn sì mọ́ láti ibẹ̀ lọ, kì í ṣe èèyàn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ya ọ̀lẹ. Ìwé náà ló ju àwọn ènìyàn rẹ̀ nù lọ́nà.

Ohun kejì tó kọ́ mi ni pé kí n bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun mẹ́ta kí n tó na ìwé sí i. Ìṣirò wo lo mọ̀? Ta ló ń kọ́ ẹ? Kí lo fẹ́ fi ìwé ṣe, ṣé láti yege ìdánwò ni, àbí láti mọ nǹkan ọ̀hún dénú? Ó tún ní kí n ṣí ojú ewé mẹ́wàá láàárín ìwé, kí n ka iye ìgbà tí òǹkọ̀wé sọ pé "ó hàn gbangba pé". Ó ní ẹni tó ń sọ pé ó hàn gbangba ní gbogbo ìgbà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ tó ra ìwé. Ṣùgbọ́n èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé bí wọ́n bá bi mí léèrè ìwé tí n kò mọ̀, kí n sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ó máa ń fi Píjìn sọ ìyẹn kí ó lè wọ̀ mí létí dáadáa: "If you no know, talk say you no know. Mouth no go tear."

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú fíṣíìsì tí wọ́n ń pè ní kúáńtọ́ọ̀mù mẹkáníìsì. Ó dá lórí àwọn nǹkan tó kéré débi pé ojú kò lè rí wọn, tí wọn kì í sì í hùwà bí òkúta tàbí bọ́ọ̀lù tí a sọ sókè. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dé ọdún kẹta, ẹ̀rù ẹ̀kọ́ yìí ló máa ń lé wọn wọ ṣọ́ọ̀bù wa. N kò lè yanjú ìṣirò kan ṣoṣo nínú rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n nítorí ìbéèrè mẹ́ta Ọ̀gá, mo wá mọ àwọn ìwé ẹ̀kọ́ náà bí alágbàfọ̀ ṣe ń mọ aṣọ oníbàárà. Àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbì, bíi ti ojú omi. Wọ́n á sọ bí ìmọ̀ àtijọ́ ṣe kùnà, wọ́n á fi nǹkan kékeré kan há inú àpótí, wọ́n á ní kí o ṣírò rẹ̀, wọ́n á sì fi bí wọ́n ṣe ṣe é hàn ọ́ láti ìlà dé ìlà. Àwọn kan kò ráàyè ìyẹn. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń da fẹ́kítọ̀ àti mátíríìsì, àwọn ìṣirò líle, bolẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé o ti jẹ ìwọ̀nyẹn yó kí o tó dé. Irú méjèèjì ló dára fún ẹni tó bá a mu.

Ọ̀gá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, wọ́n ní kí n máa bá ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Nígbà yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Prọ́ọ̀fù. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn mọ́ mi. Àwọn tí a jọ ń ta ìwé ní ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí ìwé kan bá rú wọn lójú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń rán oníbàárà sí. Díẹ̀díẹ̀, mo gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ pé "n kò mọ̀". Bí oyè ṣe ń pa èèyàn nìyẹn, kì í sì í pariwo.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ yunifásítì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó mú ìwé kúáńtọ́ọ̀mù kan dání, ó pupa, ó sanra, ó ní kò sí èyí tó tó o láyé. Ó yẹ kí n bi í pé fún ta ni? Ìbéèrè tí mo fi ń jẹun ni, n kò bi í. Mo ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n kó méjìlá wá fún mi. Mo kéde fún gbogbo ìlà pé ìwé tuntun ti dé, òun sì ni kí àwọn ọmọ ọdún kẹta máa rà. Wọ́n rà á tán láàárín oṣù kan.

Kí ọdún tó yí, gbogbo méjìlá ti padà sí ṣọ́ọ̀bù mi bí àlòkù. Mo tò wọ́n, mo wo etí wọn. Ìdọ̀tí gbogbo wọn dúró sí ibì kan náà, ní ìwọ̀n ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nínú wọn ní, "Prọ́ọ̀fù, your red people don come back o!" Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára ju bí ó ti yẹ lọ. Lọ́la ọjọ́ náà mo kó gbogbo wọn lọ bá ọkùnrin kan tó ń di ìwé ní Asata, mo ní kó fi ẹ̀rọ gé ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì fi èèpo tuntun bò wọ́n. Nígbà tó ṣe tán, etí wọn funfun bí ìgbà tí wọ́n kúrò nílé ìtẹ̀wé. Ẹ̀rí tí Ọ̀gá Nwafọ kọ́ mi láti máa kà, mo fi ọ̀bẹ ẹ̀rọ gé e sọnù.

Mo ta mọ́kànlá. Ọ̀kan ló kù nígbà tí Títí wọlé.

Títílayọ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ wa. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ yìí àti bàbá mi jọ ṣiṣẹ́ ní rélùwéè nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà ní ọ̀dọ́, ọmọ Ìgbò sì ni ìyá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn iléèwé, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo etí ìwé. Fíṣíìsì ló ń kà ní yunifásítì. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú kúáńtọ́ọ̀mù. Wọ́n ti sọ fún un pé tó bá tún ṣẹlẹ̀, kó máa wá ẹ̀ka mìíràn lọ.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Prọ́ọ̀fù, ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá èyí tó máa yé mi. Mátíríìsì ò tíì dán lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ wa kàn sáré kọjá ibẹ̀ ni."

Ẹ wò ó, mi ò tíì bi í léèrè, ó ti dáhùn. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí pẹpẹ, aláwọ̀ búlúù, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbì. Igun rẹ̀ kan ti ya, etí rẹ̀ sì dọ̀tí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Ọwọ́ mi kúrò lára búlúù, ó bọ́ sórí pupa.

Títí gbà á, ó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, etí ẹ̀ mọ́ o. Ṣé ẹnì kankan ti kà á parí?"

Mo ní, "Tuntun ni. Òun ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò. Tí o bá fara balẹ̀, yóò yé ẹ."

Irọ́ ni pé ó jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni gbólóhùn tí mo fi kádìí rẹ̀, nítorí ó túmọ̀ sí pé bí kò bá yé e, òun ni kò fara balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló padà wá. Ní ìgbà kejì, ó ṣí i síwájú mi, kò tíì dé ogún ojú ewé. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó ní ó hàn gbangba. Kò hàn sí mi o." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wú. Mo lè gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kí n fún un ní búlúù. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò bi mí pé kí ló dé tí n kò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Tún un kà."

Ó tún un kà. Ó tún fìdí rẹmi. Kò wá ẹ̀ka mìíràn, ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yunifásítì pátápátá, ó lọ kọ́ṣẹ́ kéèkì. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìwé nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Mo tu ara mi nínú pé kò sí iṣẹ́ tí kò dára, pé ṣebí ó ń jẹun. Ẹni tó ṣe ibi, ó máa ń mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú púpọ̀.

Ayé iṣẹ́ wa yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé dé, akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò ra ìwé, ogún yóò sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Fóònù dé, wọ́n ń gbé odidi ilé ìkàwé kiri nínú àpò ṣòkòtò. Ìwé inú fóònù kò lètí tí èèyàn lè wò. Ọmọ kan yóò ní ọgbọ̀n ìwé kúáńtọ́ọ̀mù nínú fóònù, kò sì ní tíì ka ọ̀kan. Wọ́n ṣì ń wá bá mi pé kí n bá wọn yàn, ṣùgbọ́n wọn kì í rà á lọ́wọ́ mi mọ́, ni mo bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ẹ̀kọ́ kúáńtọ́ọ̀mù yìí, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi kí n tó sọ ìyókù. Ẹ má ra ìwé nítorí pé ọ̀jọ̀gbọ́n yìn ín. Ẹ bi í pé ta ló yìn ín fún. Ẹ gbìyànjú orí àkọ́kọ́ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá lè ṣe ìdajì iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ọdún méjì sí i, kì í ṣe títí láé. Ẹ wá èyí tó ń yanjú àpẹẹrẹ rẹ̀ lójú yín. Ẹ wá ẹni tó kà á parí, kí ẹ bi í ní ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sá. Kí ẹ tó sọ pé ẹ kò lórí, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ìwé.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bá tèmi. Àwọn ọ̀dọ́ ṣètò pé kí àwa àgbà wá sọ nípa iṣẹ́ wa lẹ́yìn ìsìn. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ dídùn nípa Ọ̀gá Nwafọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yọ̀. Ni Títí bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù kéèkì ní Achara Layout.

Ó ní, "Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Prọ́ọ̀fù. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ìwé tó dáa jù ní Enugu ni wọ́n yàn fún mi. Orí mi ni ò gbé e. Ẹ̀yin ọmọ, tí àgbà bá ti yàn fún yín, ẹ jára mọ́ ọn o."

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, èmi náà pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ló gbé akọ̀wé wá sílé mi pé kí n kọ ìtàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Achara Layout. Títí ń fi ọ̀bẹ tẹ́ ṣúgà sójú kéèkì kan. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní kí n jókòó. Mo ní màá dúró sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: àwọn ìwé méjìlá, ọkùnrin tó gé wọn, àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ó ní, "Èyí tó yẹ mí, ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ sì mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, Chidìnmá ọmọ mi fẹ́ ka fíṣíìsì lọ́dún tó kọjá. Máàkì rẹ̀ tó. Èmi ni mo ní kó má dán an wò. Mo ní orí ìdílé wa ò gbé e, pé ìwé tó dáa jù ni mo fi gbìyànjú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sunkún. Ẹ̀kọ́ nípa báńkì ló ń kà báyìí, kò sì fẹ́ ẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, bí mo ṣe dàgbà tó yìí. Títí ní, "Ẹ dìde, sà. Kì í ṣe èmi lẹ máa bẹ̀." Ó gbé fóònù rẹ̀, ó pe nọ́ńbà kan, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí àwa méjèèjì lè gbọ́, ó sì gbé e sí àárín èmi àti òun lórí tábìlì. Ohùn ọmọbìnrin kan wọlé pé, "Mummy, good afternoon."

Títí ní, "Bàbá kan fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀."

Mo fa ara mi dìde mọ́ tábìlì. Mo ní, "Ọmọ mi, orí màmá rẹ pé. Èmi ni mo tàn án jẹ, mo ta ìwé tí kò yẹ ẹ́ fún un, mo sì mọ̀ pé kò yẹ ẹ́."

Ọmọbìnrin náà ní, "Abeg, sà, talk am again."

Mo tún un sọ.